Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Dánwọ́ Wò Lórí Físà Arúgbó

Ẹ fa ìjókòó mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá gbé nǹkan ka iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún yín, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, láìfepo bọ iyọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bú mi, kó jọ̀ọ́ kó dúró kí n sọ ọ́ tán.

Ọmọ Yàgbà ni mí, ṣùgbọ́n Kàdúná ni mo gbó sí. Sabon Tasha ni ilé mi wà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Panteka, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Kàdúná pọ̀ sí bí eéṣú, mo ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni o, oníná ni o, èyí tó ń gbẹ́ ihò bọ́tìnnì ni o, kò sí èyí tí mi ò lè tú palẹ̀ kí n sì tún un tò.

Ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ sinmi. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi ni Bísí.

Bísí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú kan ní apá ìlà oòrùn ayé. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Àwọn kan ṣe mí lóore níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bú wọn nítorí tèmi. Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé kò sí oúnjẹ tó dà bí ìrẹsì, ẹ lọ gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ padà wá sọ fún mi!

Ọjọ́ kan ló pè mí pé kíndìnrín òun méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti ibẹ̀ dé, kò lè dá gbé ife omi. Ó ní, "Bàbá, mo lè ṣubú sínú ilé yìí kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

Kí ni kí bàbá ṣe? Kí n máa wo ọmọ lójú fóònù?

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò padà sílé. Orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé àwọn tó ń dúró de kíndìnrín tuntun ní ọsibítù wọn. Bó bá kúrò ní ìlú náà, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Èmi ni mo ní láti lọ.

Wọ́n ní físà kan wà tí wọ́n ń fún àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìjókòó lásán ni físà ọ̀hún wà fún, àbí kí ni kí n ti pè é? O ti ṣe iṣẹ́ tìẹ tán láyé. Wá jókòó, máa jẹ owó rẹ, máa gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fi owó kan sí báǹkì wọn kó máa wà níbẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé o ò ní ṣiṣẹ́. Bísí kó owó tó ti ń fi pamọ́ síbẹ̀ ní orúkọ mi. Mo fọwọ́ síwèé. Mo lọ.

Fún bí ọdún kan, a ṣe é. Mo ń sè, mo ń fọ̀, mo ń sìn ín lọ sí ọsibítù, mo ń sìn ín bọ̀. Àmọ́ ta ló ń ṣàìsàn tí kì í fọwọ́ kan owó? Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn jẹ owó báǹkì náà títí tí kò fi tó ohun tí òfin wí mọ́. Bí ọdún bá yí po tí wọ́n bá wò ó, físà mi á kú nìyẹn, mo sì gbọ́dọ̀ fi ọmọ mi sílẹ̀.

A lọ bá lọ́yà kan. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí n tọrọ àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ó ní wọn kì í sábà fún ẹni tó wà lórí físà arúgbó, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ wà, bí ẹni tó fẹ́ gbà mí bá kọ̀wé pé òun nílò mi, tí wọn ò bá sì tíì bá mi lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ìgbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn. Èmi ò fi í sọ́kàn.

Ní òdìkejì títì ilé wa, obìnrin kan ní ilé ìránṣọ. Madam ni gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ márùn-ún rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ò mọ̀ mọ́. Nígbà tí Bísí sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún un, ojú ẹsẹ̀ ló kọ ìwé. Ó ní kí n ṣáà jókòó sílé títí àṣẹ á fi dé.

Ibí yìí ni ẹ ti máa bú mi.

Ẹ̀yin ará Kàdúná, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ní Panteka. Ta ló ń fi ìwé gba oníṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀? Tó o bá dé iwájú ọ̀gá, kò ní bèèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ rẹ. Á ní, "Bismillah, mu ga hannunka," ìyẹn ni pé kí o wá fi ọwọ́ rẹ hàn án. Wàá ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan láìgba kọ́bọ̀, wọ́n á máa wo bó o ṣe ń di irin iṣẹ́ mú. Gwaji ni à ń pè é, ìdánwò ọwọ́. Ẹni tó bá sá fún gwaji, kò mọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ojú wá ń tì mí pé obìnrin yìí ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún mi níwájú ìjọba láìtíì rí ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ Ajé kan, nígbà tí mo ti sin Bísí dé ọsibítù, mo gba òdìkejì títì lọ. Madam kọ̀, ó ní kí n dúró de ìwé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mi ò gbowó. Iṣẹ́ tí a ò gbowó lé lórí, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jí ẹ̀rọ márààrún dìde. Àwọn ọmọge ibẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi fóònù mi yà mí ní fọ́tò. Ìgbà tí Bísí bá wà ní ọsibítù tàbí tó bá ń sùn ni mo ń lọ, mi ò sọ fún un. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, inú mi dùn kọjá ààlà. Ní ọsibítù, kò sí ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ tèmi.

Ọjọ́ tí wọ́n pè wá wá sí ọ́fíìsì ìjọba dé. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó kọjú sí wa, ọmọlúàbí ni. Ó bi mí bóyá mo ti bá Madam ṣiṣẹ́ rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Panteka ló dáhùn lẹ́nu mi! Ní Panteka, ẹni tó bá ní òun ò tíì bẹ̀rẹ̀, ilé ló ń lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.

Ọkùnrin náà gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ìbéèrè yẹn bi mí lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀ mí, pé bóyá mo kàn yà kí wọn ni. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi! Èmi ò mọ̀.

"Bàbá, ẹ dákẹ́," Bísí sọ ọ́ ní Yorùbá.

Mo ní, "Dákẹ́ kẹ̀? Jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n fẹ́ gbà." Mo sì fa fóònù yọ, mo fi gbogbo àwòrán hàn án: èmi lábẹ́ ẹ̀rọ, èmi pẹ̀lú gíríìsì dé ìgúnpá, èmi ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a jáde, Bísí jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà. Mo rò pé á sunkún ni. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rín in títí tí èémí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti mú Panteka wá sí ìjọba àwọn ará ibí. Ta ló ní kí ẹ ṣe gwaji?" Lẹ́yìn náà ló wá sunkún.

Wọn ò fún mi ní àṣẹ. Físà arúgbó náà, wọ́n pa á. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi láti fi ìlú sílẹ̀, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ padà wá títí ọdún márùn-ún á fi pé. Lọ́yà ní kí ni òun fẹ́ wí? Ẹnu mi ló jẹ́rìí, fóònù mi ló fi èdìdì dì í.

Mo dé Kàdúná. Alhaji Gàrúbà tó ni ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi wá kí mi. Mo ròyìn fún un. Ó ní, "Haba, Baba Bisi! Gwaji nílẹ̀ onílẹ̀?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó gbé e mì. "Sai hakuri," ló wí, ká ṣe sùúrù. Sùúrù wo?

Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìdáhùn kan náà ni.

Oṣù méje ni Bísí lò lẹ́yìn mi. Madam, tí wọ́n ti bu owó ìtanràn lé nítorí mi, òun náà ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Kíndìnrín kò dé. Lójú fóònù ni mo ti rí ìsìnkú ọmọ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí wọ́n ń sọ àpótí kalẹ̀. Nígbà tó máa fi padà, wọ́n ti ń wa yẹ̀ẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gùn. Nílẹ̀ onílẹ̀, kí ìwé ṣíwájú ọwọ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ni lójú òfin. Bí o kò bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, bi lọ́yà rẹ kí o tó fọwọ́ kan nǹkan. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, àmọ́ ẹni tí ìmọ̀ náà ì bá ṣe láǹfààní ti lọ. Ẹ̀yin tí irú èyí bá ti kàn rí, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, bóyá ẹnìkan á rí i kó tó fọwọ́ síwèé. Ẹ má wulẹ̀ tù mí nínú. Ẹ ṣáà sọ tiyín.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ogún rẹ̀ ṣe pín. Kò bímọ. Onílé gbé àga àti fìríìjì. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ kó àwọn ìwé rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e nínú ìwé àwọn tó ń dúró de kíndìnrín sún síwájú. Bàtà rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀, Madam pín wọn fún àwọn ọmọge tó ń ránṣọ.

Súwẹ́tà kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí èmi bàbá rẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó sì wọ̀ mí. Ooru Kàdúná ni kò jẹ́ kí n lè wọ̀ ọ́. Mo ń retí ọyẹ́.