Ṣòkòtò Ìgbéyàwó Minko

Iṣẹ́ irun ni Zdravka ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí kì í bá wí láyé àfi ọ̀rá tí wọ́n ń kó ọjà sí, títí di ọjọ́ tí Belka, ewúrẹ́ rẹ̀, wú gbì, tó sì kú. Nígbà tí wọ́n la ikùn rẹ̀, ọ̀rá ìtajà ló dì síbẹ̀ bí ìdọ̀tí inú gọ́tà.

Zdravka sunkún, ó fọn ikun, ó ní ọ̀rá ò ní wọ ilé òun mọ́. Ó fa ṣòkòtò dúdú tí Minko ọkọ rẹ̀ fi gbé e níyàwó jáde, ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa, ó sọ ọ́ di àpò. Síìpù ṣì wà níwájú.

"Ṣòkòtò ìgbéyàwó mi!" Minko figbe ta.

"Ìgbà wo lo wọ̀ ọ́ kẹ́yìn? Ikùn rẹ nìkan ti tó ìyàwó méjì."

"Síìpù yẹn ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ máa gbà kó nǹkan ọbẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ tí nǹkan gidi ti gba ibẹ̀ jáde. Jẹ́ kí àlùbọ́sà rọ́nà lò."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni Minko ń gbà lọ sílé ọtí.

Àárọ̀ Àjíǹde ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Àwọn obìnrin to agbọ̀n búrẹ́dì àti ẹyin sísè tí wọ́n kùn ní pupa fún ọdún síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí Fàdá Sava, àlùfáà ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó láya nílé, wọ́n omi ìbùkún sí i. Zdravka gbé àpò ṣòkòtò tirẹ̀, tí ẹyin kún inú rẹ̀, kalẹ̀ láàárín wọn, síìpù kọjú sọ́run. Fàdá ti wọ́n omi tán kó tó rí ohun tó bù kún. Ọwọ́ rẹ̀ há sókè.

"Ìyá Zdravka," Genka aládùúgbò wọn pariwo, "ṣé ẹyin Minko lẹ gbé wá ni?"

"Èyí tí mo sè ni. Tiẹ̀ ò ṣeé fi bọ́ àlejò."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Minko, tó ti sá sẹ́yìn igi, ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kó lè wọ̀ ọ́. Fàdá wúkọ́, ó ní, "Màmá, kí ló dé tó fi jẹ́ ṣòkòtò?"

Zdravka sọ ti Belka. Nígbà tó dórí ohun tí wọ́n bá nínú ikùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn bí ọ̀rá náà ti tó. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Fàdá tún ki ọwọ́ bọ omi, ó sì wọ́n ṣòkòtò náà lẹ́ẹ̀kejì. Èyí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ṣòkòtò ti ń pòórá lórí okùn aṣọ káàkiri àdúgbò; àwọn ìyàwó ń jí ti ọkọ wọn kó wá fún Zdravka kó fi rán àpò. Àwọn ọkùnrin ilé ọtí ní àwọn máa gbá Minko létí. Ìyàwó Fàdá ló dé kẹ́yìn, ó di aṣọ dúdú kan mọ́yà, ó ń bojú wẹ̀yìn.

"Aṣọ iṣẹ́ Fàdá tó ti gbó ni," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò mọ̀ o. Àpò mélòó ló lè mú jáde?"

"Mẹ́ta, ẹ ó sì tún rí àkísà nínú apá ẹ̀." Zdravka kọjú sí yàrá. "Minko! Wá bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Minko jáde wá, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú ṣinṣin.