Ta Ló Ba Aṣọ Mi Jẹ́?

Bí ẹ bá kó gbogbo fọ́tò ìdílé wa jọ, ẹ ó rí orí mi nínú gbogbo wọn. Orí nìkan ni mo sọ o. Ìyókù mi máa ń wà lẹ́yìn àga, lẹ́yìn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tàbí lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ tí mo já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kété tí fọtógíráfà gbé kámẹ́rà sókè. Mo sanra, mo mọ̀ pé mo sanra, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí wọn ó fi máa gbé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Bí mi ò bá rí ọmọ gbé, mo ní báàgì dúdú kan tí mo máa ń gbé síkùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ bi mí rí pé kí ló wà nínú báàgì náà tí mi ò fi lè gbé e sílẹ̀.

Ìyá mi ló tú àṣírí mi. Iléṣà ló ti ń ta aṣọ kó tó bí mi, èmi náà sì ń ta tèmi ní Alékúwódò, l'Óṣogbo. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní òun ti fi ánkárá tuntun kan ránṣẹ́, kí n fi rán bùbá àti ìró, kí n sì ya fọ́tò ńlá nínú rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀. Òun fẹ́ gbé e kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá òun ní pálọ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ ìṣó yẹn, mi ò rí nǹkan kan lórí rẹ̀ rí.

"Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi wọ̀ ọ́," ni mo wí. Àbúrò mi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò sí fọ́tò tí kò bá a mu.

"Ṣé àbúrò rẹ ni mo pè ni? Ìwọ ni mo ní kó o wọ̀ ọ́. Má sì gbé báàgì yẹn dání o."

Ánkárá dé. Òbìrìkìtì ńláńlá ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó àwo ìrẹsì. Mo wò ó, mo ní ìyá yìí fẹ́ pa mí. Nígbà tí télọ̀ rán an tán, mo wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ fọtógíráfà kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkùnrin náà mú mi dúró síwájú òpó funfun kan, ó ní, "Mọ́mì, ẹ mí, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò lè mí. Mo ti fa ikùn mọ́ra, bí mo bá mí, gbogbo làálàá yẹn á dòfo.

Ó fi fọ́tò hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, inú mi bàjẹ́.

"Ẹ bá mi dín ìbàdí yìí kù."

"Ibo ni kí n dín in dé?"

"Ẹ ṣáà máa dín in lọ, n ó sọ ibi tí ẹ ó dúró sí."

Mi ò tètè sọ. Nígbà tó ṣe tán, obìnrin inú fọ́tò náà rẹwà débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jowú rẹ̀. Mo ní kó fi fírémù sí i, mo gbé e wọ mọ́tò Iléṣà.

Ìyá mi wọ awò ojú rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Tìyá mi tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wo ojú mi nínú fọ́tò náà.

"Ta ló ba aṣọ mi jẹ́?"

"Kí ló ṣe aṣọ, mà?"

"Òbìrìkìtì ni mo rà. Èyí ti di ẹyin!"

Ó wọ yàrá, ó gbé ìyókù ánkárá náà jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Lóòótọ́, àwọn ti àyà ṣì rí roboto, àwọn ti ikùn ti gùn bí ẹyin, àwọn ti ìbàdí sì fún pọ̀ bí ẹ̀pà tí kò gbó. Ó ti ń wá fóònù láti bú ẹni tó ta aṣọ fún un. Mo ní bóyá iná fọtógíráfà ló fà á.

"Iná? Ṣé iná náà ló tẹ òpó yìí?"

Mo wo òpó funfun ẹ̀yìn mi nínú fọ́tò. Ó ti tẹ̀ wọlé síbi ìbàdí mi, bí ẹni tó ń yọjú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi ò rìn ju Òṣogbo sí Iléṣà lọ tọ́wọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

Mo jẹ́wọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, ó ń lu àga. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ìṣó ara ògiri.

"Yèyé mi ni mo kan ìṣó yẹn fún. Kò ya fọ́tò rí. Bí wọ́n bá pè é, á ní òun ti sanra jù, kí wọ́n ya àwọn tó rẹwà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Mo ti ń gbàgbé bó ṣe rí. Àfi bí ìwọ bá ń lọ níwájú mi ni mo máa ń rí i. Udí yèyé mi gan-an lo gbé, ìwọ wá ní kí wọ́n gé e dànù."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Omi bọ́ lójú mi, báàgì mi ò sì sí nítòsí tí n bá fi bojú.

Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi padà s'Óṣogbo láti lọ tún fọ́tò náà yà. Ó jókòó ti fọtógíráfà bí ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà bèèrè bóyá kí òun tún dín in kù díẹ̀.

"Fọwọ́ kàn án, kó o rí i," ni ìyá mi wí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì mí.

Fọ́tò náà ti wà lórí ìṣó báyìí, gbogbo òbìrìkìtì rí roboto, ọ̀kan sì wà ní àárín gbùngbùn ikùn mi. Láìpẹ́ yìí, ìyá àgbàlagbà kan wá láti abúlé tí ìyá ìyá mi ti ń ṣe oko kòkó. Mo jókòó sí igun pálọ̀, báàgì dúdú mi wà lórí itan mi. Ìyá náà ò rí mi. Iwájú fọ́tò ló lọ dúró sí, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Hẹ̀ẹ̀! Ta ló rí yèyé rẹ mú dúró tó fi ya fọ́tò yìí?"

Èmi ni ìyá mi ń wò. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo sì dìde kí ìyá àgbà lè rí mi dáadáa.