Orúkọ Tí Ọ̀gá Mufu Pè Mí ní Lakowe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n sọ ohun tójú mi rí ní Lakowe lọ́jọ́ Sunday tó kọjá. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi o. Ó kàn há mi lọ́fun ni, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú dànù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe fàájì láti Ajah títí dé Lakowe ti lè rí wa rí. Àwa ni band tó ń lọ láti ilé ọtí kan sí òmíràn nínú bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé, èyí tó jẹ́ pé okùn la fi ń so ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi ni mò ń ta gìtá. Ṣúnkánmi lorúkọ mi. Ọ̀gá Mufu ló ń kọrin, àwọn náà ló ni band.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń kọ́ ní Addo. A lọ ṣe òrùlé ilé Ọ̀gá lọ́jọ́ kan, èmi sì ń fi hámà lu páànù bí ẹni lu ìlù. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ìyà fẹ́ jẹ mí nìyẹn! Àṣé gìtá ni wọ́n fẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Ti Láìdé ni gìtá yẹn, ẹni tó ń ta á fún wọn tẹ́lẹ̀, tó ti kú. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri pálọ̀ Ọ̀gá nìkan ni mo mọ̀.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Wọ́n á máa wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á kọ ẹsẹ orin kan náà léraléra, àwa á máa rẹ́rìn-ín pé orin ló wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tó di pé wọ́n ṣìnà láti Ajah sí ilé ara wọn ní Addo, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dókítà ní oògùn kàn lè fa àìsàn náà sẹ́yìn díẹ̀ ni, kò lè dá ohun tó ti lọ padà. Àǹtí Mojí, àkọ́bí Ọ̀gá, wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní orí stage nìkan ni bàbá àwọn ti ṣì ń jọ bàbá àwọn, pé kí n dákun, kí n má jẹ́ kí ojú tì wọ́n níta.

Ṣé ẹ rí ẹrù tí wọ́n dì fún mi? Èmi tí mi ò rí ìtìjú tara mi bò!

Ọgbọ́n tí mo dá rèé. Tẹ́lẹ̀, Ọ̀gá á kọrin, gìtá á gbè é. Mo wá yí i padà, gìtá wá ń ṣáájú. Bí ẹsẹ orin kan bá ti ń bọ̀, màá ti ta ìbẹ̀rẹ̀ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀gá á gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ á sì yọ lẹ́nu wọn. Àwọn oníbàárà ò fura. Àwọn kan tiẹ̀ ní gìtá mi ti dùn sí i!

Lọ́jọ́ Sunday yìí, àwọn èèyàn ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, oòrùn ṣì mú, wọ́n ń jẹ ẹja yíyan. Ni mo bá rí Mọ́mì Kúnlé tí wọ́n wọlé pẹ̀lú àbúrò wọn. Ọkọ wọn, Bàbá Kúnlé tó ń ta búlọ́ọ̀kù, ọ̀rẹ́ Ọ̀gá ni. Ibi tí a bá ti ń ṣeré lẹ ó ti bá wọn. Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Àwa la ṣeré níbi ìsìnkú wọn. Ọ̀gá fúnra wọn ló fẹkún ṣe orin ìdágbére fún ọ̀rẹ́ wọn.

Ẹ mọ àṣà àwa olórin. Bí Ọ̀gá bá ti rí ojú tí wọ́n mọ̀, wọ́n á kì í, wọ́n á kí ará ilé rẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún gbogbo wọn. Gìtá ò sì gbọdọ̀ dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ki èèyàn. Ọ̀gá rí Mọ́mì Kúnlé, ojú wọn tàn.

"Bàbá Kúnlé ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà?
Ẹ bá mi kí i nílé, ẹ ní mò ń wo ọ̀nà rẹ̀.
Ẹ̀mí ẹ̀ á gùn, yóò pẹ́ nínú ilé tó kọ́."

Yéè!

Àwọn tó mọ̀ wọ́n dẹ́kun jíjẹ. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n já máìkì gbà lọ́wọ́ àgbà ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin ìdágbére yẹn, èyí tí Ọ̀gá fúnra wọn ṣe, bóyá wọ́n á rántí. Ọ̀gá yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Orin wo nìyẹn? Ó mà dùn o! Ta ló kọ ọ́?"

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo ṣáà ń ta gìtá lọ, mi ò mọ ohun tí mò ń ta mọ́.

Mọ́mì Kúnlé dìde. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀ wá gbé wa ṣépè ni, mi ò sì ní bá wọn wíjọ́. Àbúrò wọn di aṣọ wọn mú, wọ́n já a gbà. Wọ́n rìn títí dé iwájú Ọ̀gá, wọ́n kúnlẹ̀.

"Àmín, Ọ̀gá. Màá jíṣẹ́ fún wọn."

Wọ́n padà síbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n sì bu omi mu.

Nígbà tí a fẹ́ kásẹ̀ eré nílẹ̀, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wa fún àwọn èèyàn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n pe Táju onílù, wọn ò ṣì í pè. Ó kàn mí. Wọ́n wò mí. Mo ta ohùn kékeré tí mo máa ń ta bí wọ́n bá fẹ́ pè mí. Ẹ̀yin ará, mo gbàdúrà nínú mi!

Ojú Ọ̀gá tàn. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní, "Láìdé, ọmọ mi!"

Táju wò mí, ọ̀pá ìlù wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n lé èèyàn jáde nílé bàbá rẹ̀. Mo wo ibi tí Mọ́mì Kúnlé jókòó sí. Mo tẹríba fún àwọn èèyàn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún Láìdé.

Nígbà tí a ń kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì, Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ọmọ kan wà tó ń kọ́ gìtá lọ́dọ̀ àwọn, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà tẹ́lẹ̀, Ṣúnkánmi lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni, pé bí ọjọ́ kan bá dé tí àwọn ò sí nítòsí, kí n bá àwọn tọ́jú rẹ̀, kí n má jẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Màá jíṣẹ́ fún un."

Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sunkún láti Lakowe títí dé Ajah.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mọ́mì Kúnlé sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n ríran, wọ́n rí i pé ìfẹ́ ni Ọ̀gá ń sọ, bí ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ṣì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn: kì í ṣe gbogbo àṣìṣe àgbà la gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe rẹ̀ lójú agbo. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀kọ́ yẹn ò tíì tù mí nínú. Ẹ̀yin tí irú èyí wà nílé yín, ẹ bá mi sọ tiyín. Ní Sunday tó ń bọ̀, bí Ọ̀gá bá tún bi Láìdé pé Ṣúnkánmi ńkọ́, kí ni kí n sọ?