‘Orí’ Ni Mo Pè

Ní Ìpòtì tí wọ́n bí mi sí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ kiri àdúgbò, ìtìjú ni iṣẹ́ rírán jẹ́ fún mi. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ahọ́n mi ni kò ṣe é rán. Bí wọ́n bá ní kí n lọ ra irú lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ‘ilú’ ni màá bèèrè. Bí orí bá ń fọ́ mi, ‘olí’ ni màá pè é. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń sọ̀rọ̀ geere, èmi ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú.

Ohun tó ṣòro láti ṣàlàyé ni pé èmi kò gbọ́ àṣìṣe náà. Ní etí tèmi, orí ni mo pè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Bó bá ti oko kòkó dé, á jókòó sórí àpótí, á pè mí, á ní, “Ọmọ mi, ṣé olí ń fọ́ ọ ni?” Inú á bí mi. Màá fẹsẹ̀ janlẹ̀, màá ní, “Kì í ṣe olí! Olí ni!” Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á máa wò wọ́n, n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣé àwọn ni kò gbọ́ ni? Mo mọ̀ pé ohun tí ó pè kò dára, mo sì rò pé mo ti tún un ṣe fún un.

Oko nìkan ni ara ti máa ń tù mí. Bí ìyá mi bá wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè kejì, tó fẹ́ kí a máa lọ, kì í lo ọ̀rọ̀. Á káwọ́ bo ẹnu, á hó “hú-hu-hú”, màá sì mọ̀ pé “Wá ulé” ló ń wí, pé kí n wá ká lọ sílé. Gíga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn nìkan ló ń fò kọjá àfonífojì sọ́dọ̀ mi, ìyókù ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi tẹ́lẹ̀. Èmi náà á hó padà. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Ilé kéú ni ìtìjú náà ti wá le. Orí mi pé, mi ò purọ́. Ohun tí Ààfáà bá kọ sórí wàláà fún wa, mo ti há a kí àwọn yòókù tó mọ ibi tí a dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń gbọ́ mi. Nígbà tí wòlímọ̀ wa ku díẹ̀, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dúró síwájú ìlú kí ó ké súrà tó há sórí, bàbá mi ní kí wọ́n yọ mí kúrò. Ó ní àwọn àna wa ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, òun kò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò sí i pé kí n wọ aṣọ funfun bíi ti àwọn yòókù, kí n dúró, ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a jọ ń ké kéú, dúró tì mí, kí ó bá mi ké tèmi.

Báyìí ni mo ṣe dúró lọ́jọ́ náà bí ère. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí ń ké, ètè mi ń mì tẹ̀ lé e, ohùn kò jáde. Mo rí ìyá mi láàárín àwọn obìnrin. Ó ti fa ìborùn rẹ̀ bojú. Ká ní ilẹ̀ lè yanu ni, mi ò bá kó sínú rẹ̀.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dákẹ́ lójijì. Súrà náà ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í lé sí i lójú. Èmi mọ ohun tó kàn, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ahọ́n mi máa ń bà jẹ́ jù. Bí mo bá dákẹ́, yóò tẹ́ nítorí tèmi. Mo la ẹnu, mo sọ ọ́. Bó ṣe máa ń jáde náà ló ṣe jáde. Ẹ̀rín sọ láàárín èrò, láti ìdí àwọn àna wa títí dé ibi tí àwọn ọmọdé jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, ó sì ń bá a lọ títí ó fi parí rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó ronú kan ìyẹn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kọ́ ni ó gbọ́, ohun tí mo fẹ́ pè ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín nìkan ni etí mi gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bi mí léèrè nípa ‘olí’ mọ́ láti ọjọ́ náà, ìyẹn gan-an tún dùn mí.

Ahọ́n mi tú fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Mi ò lè sọ ọjọ́ tó tú.

Ayé ti yí padà. Lóde òní, bí ọmọ kò bá tètè là lóhùn, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ mi wá láti Èkó fún ìsinmi, tí mo káwọ́ bo ẹnu, tí mo hó pè wọ́n wá jẹun, ẹyẹ ni wọ́n ń wá kiri lórí igi.

Eyín iwájú mi ti lọ báyìí, ọ̀rọ̀ sì tún ti ń bà jẹ́ lẹ́nu mi. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ mọ́. Wòlímọ̀ àbígbẹ̀yìn wọn ti ń bọ̀, bàbá rẹ̀ sì ní kí n máa kọ́ ọ ní súrà kan lórí fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì fi etí ìborùn mi bo ẹnu, bí ẹni pé ọmọ náà ń rí mi.

Ó ní, “Màmá, ohùn yín jìnnà. Kí lẹ fi bo ẹnu?”

Ojú tì mí, àgbàlagbà bíi tèmi. Mo ká aṣọ náà kúrò, mo sọ ọ̀rọ̀ tó kàn nínú súrà náà bó ṣe bà jẹ́ tó. Ọmọ náà gbà á, ó pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, ó sì ní kí n máa bá a lọ.