Ọkọ́ Tí Gàfárù Kò Fi Kanlẹ̀

Gàfárù ọmọ Adégbénró, ará Ìfọ́n, bíríkìlà ni. Kì í ṣe bíríkìlà ńlá. Ògiri tó bá mọ máa ń dúró, ìyẹn náà sì tó. Ó ga, àyà rẹ̀ fẹ̀, ohùn rẹ̀ tó ti ọkùnrin méjì. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé yìí, alùpùpù ni. Bó bá ti gun ẹ̀yìn alùpùpù báyìí, á di ẹni tó ń wà á mú ṣinṣin, á dijú, kò ní là á mọ́ títí wọn á fi débi tí wọ́n ń lọ.

Àkànó nìkan ló mọ àṣírí yìí. Ará Ìlobù ni Àkànó. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́ l'Óṣogbo, yàrá kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Àkànó náà ní tirẹ̀. Bó bá rí ekòló, á fò sókè bí ẹni tí iná jó. Ekòló! Bíríkìlà tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé! Gàfárù ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú kòtò lọ bá a ṣa wọ́n dànù. Níta, wọ́n á máa fọ́nnu pé kò sí ohun tó ń dẹ́rù ba ọkùnrin. Nínú ilé, kálukú mọ ti ẹnì kejì, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ayé ìjọba ṣọ́jà ni, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tún gbóná. Ìlobù ní tàwọn ni, Ìfọ́n ní tàwọn ni. Ẹ má bi mí ta ló ni í. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé igi dí ọ̀nà, wọ́n ń bi ẹni tó bá ń kọjá pé ọmọ ibo ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá Rísíkátù ránṣẹ́ sí Àkànó pé kó wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Rísíkátù ni Àkànó fẹ́ fẹ́. Ẹni àtijọ́ ni bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá, kí ẹ wá kọ ebè fún mi. Ọkùnrin tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ tó lè bá a làágùn, n ò ní fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́."

Àkànó bẹ gbogbo ọ̀rẹ́ tó ní. Ọ̀kan ní inú ń run òun. Òmíràn ní ìyá òun ò gbà. Àwọn yòókù ò tilẹ̀ ráyè purọ́, wọ́n kàn sá ni. Ó ku Gàfárù.

"Níbo loko ọ̀hún wà?" Gàfárù bi í.

"Lẹ́yìn Ìlobù lọ́hùn-ún."

"Ṣé a ò ní gba àárín ìlú? Àkànó, ọmọ Ìfọ́n ni mí o."

"A ò ní gba àárín ìlú. Gba ọkọ́ yìí dání."

Wọ́n gbéra láàárọ̀. Àkànó ń wa alùpùpù, Gàfárù wà lẹ́yìn, ó dijú. Wọ́n yà kúrò lójú títì, koríko ń gbá a lẹ́sẹ̀, kò lajú. Ìgbà tí alùpùpù dákẹ́ ló tó là á.

Bàbá Rísíkátù jókòó lábẹ́ igi, àdá wà lórí itan rẹ̀. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde. Àkànó, ẹnì kan yìí náà ni gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ?"

"Òun ni, bàbá. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ènìyàn mẹ́ta."

"A ó rí i. Láti ìdí ọ̀pẹ yìí lọ kan peregún ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ."

Gàfárù wo peregún náà. Lójú ẹsẹ̀, àtàrí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó mọ peregún yẹn. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ mú un wá síbẹ̀, ó di ìkúùkù, ó fi kàn án lórí, kó! Ó ní, "Ibi tí orí ti dùn ọ́ nìyí. Ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀pẹ lókè, ó parí síbí. Má gbàgbé." Bàbá náà ti kú. Orí ò gbàgbé.

Gàfárù fa Àkànó sẹ́yìn igi mìíràn. "Ṣé o mọ ibi tí o mú mi wá?"

Àkànó ò wò ó lójú. "Mo mọ̀."

"O mọ̀ pé ojú mi máa dì."

"Mo mọ̀. Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé wàá wá? Kò ku ẹnì kankan mọ́, Gàfárù. Bí bàbá yìí bá lé mi lónìí, Rísí ti lọ nìyẹn."

"Bí mo bá fi ọkọ́ kanlẹ̀ nínú ọ̀wẹ̀ yìí, mo ti jẹ́rìí pé ilẹ̀ Ìlobù ni. Kí ni mo fẹ́ sọ nílé wa?"

"Ta ló máa rí ọ?"

Gàfárù fọwọ́ kan àtàrí rẹ̀. "Èmi náà ńkọ́?"

"Kí lẹ̀ ń sọ níbẹ̀ yẹn?" Bàbá ti dìde, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ géńdé yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

Àkànó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Sọ pé ọmọ Òṣogbo ni ọ́."

Gàfárù jáde lẹ́yìn igi. Ó wo àdá náà. "Ọmọ Adégbénró ni mí, bàbá. Láti Ìfọ́n."

Bàbá sún mọ́ ọn títí Gàfárù fi rí àpá kékeré tó wà lágbọ̀n bàbá náà.

"Mo mọ Adégbénró. Olóríkunkun ni. Èmi àti ẹ̀ jà nídìí peregún yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. O wá fẹ́ kọ ebè fún mi?"

"Mi ò ní kọ ọ́, bàbá. Mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá òkú bàbá mi jà."

"Ó dáa." Bàbá yíjú sí Àkànó. "Àkànó, o ò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan nìyẹn."

Àkànó gbé ọkọ́, ó wọnú oko lọ ní òun nìkan. Ó kọ ebè kan, ó kọ ìkejì. Ní ìkẹta, ekòló kan tó sanra bí ìka jáde wá. Àkànó ké, ó fò sẹ́yìn, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó balẹ̀, Gàfárù ti débẹ̀. Ó fi ìka méjì mú ekòló náà, ó jù ú sínú igbó. Kò rò ó rárá. Ó ti mọ́ ọn lára.

Bàbá wò wọ́n títí. "Ọkùnrin yìí ń sá fún ekòló?"

"Ó ti pẹ́, bàbá," ni Gàfárù wí.

"Ṣíṣa ekòló kì í ṣe ọ̀wẹ̀."

"Mo mọ̀. Bíríkìlà ni mí. Kí ló wó nílé yín?"

Bàbá fi àdá júwe apá ìlú. "Ilé ìdáná ìyá Rísí. Òjò èṣí ló wó o."

"Ilé yín ò sí nínú ìjà. Ẹ jẹ́ n lọ mọ ọ́n."

Àkànó di apá rẹ̀ mú. "Gàfárù, inú ìlú ni! Wọ́n gbé igi dí ọ̀nà."

"Ṣé o fẹ́ ìyàwó ni àbí o ò fẹ́?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun alùpùpù kan. Àkànó ń wà á, bàbá wà láàárín, Gàfárù wà lẹ́yìn. Bàbá sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn: "Lajú. Mo rí bí o ṣe dijú dé láàárọ̀. Ẹni tó bá dijú, wọ́n á rò pé ó jẹ̀bi." Gàfárù lajú. Igi ń sáré kọjá. Kò mọ èyí tó burú jù, alùpùpù ni tàbí ohun tó wà níwájú.

Wọ́n kan igi tí wọ́n fi dínà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin dìde pẹ̀lú àdá. Ọ̀kan gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ta lẹ gbé sẹ́yìn yìí?"

Bí bàbá yìí bá dárúkọ Ìfọ́n péré, ó ti parí fún Gàfárù.

"Àna mi ni," ni bàbá wí.

"Èwo nínú wọn?"

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ dán ọ̀wẹ̀ mi wò ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Oníbọn ò rẹ́rìn-ín. Ó yí lọ sẹ́yìn, ó wo Gàfárù láti orí dé ẹsẹ̀. "Bọ̀dá, ọmọ ibo ni yín?"

Gàfárù la ẹnu. Bàbá ti gba ọ̀rọ̀ náà: "Ó ń lọ mọ ilé ìdáná fún ìyá Rísí. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tó ti wá, tẹ̀ lé wa, kí o wá bá wa tẹ amọ̀. Amọ̀ náà pọ̀. Ẹ̀yin mìíràn náà lè máa bọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹni tó ti jókòó sídìí igi láti àárọ̀, kì í wù ú láti tẹ amọ̀. Oníbọn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ máa lọ, bàbá. Ẹ bá wa kí ìyá."

Wọ́n tẹ amọ̀ lọ́jọ́ náà títí ẹsẹ̀ fi ń jó wọn. Gàfárù ń ṣa ekòló, Àkànó ń gbé amọ̀, ògiri ń gòkè. Nígbà tí oòrùn rọ̀, bàbá yí ògiri náà po, ó fi ọwọ́ tì í, kò mì.

"Àkànó, sọ fún bàbá rẹ kó wá mú ọjọ́." Ó yíjú sí Gàfárù. "Ìwọ, olóríkunkun bíi bàbá rẹ. Mi ò fún ọ nílẹ̀ o."

"Mi ò tọrọ, bàbá."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló tún gun àárín, tó sìn wọ́n kọjá ibi tí wọ́n dí, kó tó sọ̀ kalẹ̀ láti máa fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà kọrí sí Òṣogbo. Ìlú di ẹ̀yìn.

"Àkànó."

"Kí ni?"

"Má tún mú mi rìn bẹ́ẹ̀ mọ́ láìsọ fún mi."

"Mi ò jẹ́ dán an wò mọ́."

"Ṣé a ti kọjá wọn?"

"A ti kọjá wọn tipẹ́."

"Ó dáa." Gàfárù dì í mú ṣinṣin, ó sì dijú.