Lẹ́tà Tó Ti Orí Omi Ẹlẹ́yẹlé Wá

Ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń tì bọ ẹnu. Á fi itọ́ rin ín, á nà án sókè, á dúró láìmira títí apá kan ìka náà á fi tutù ju apá kejì lọ. Nígbà náà ni á pa ọwọ́ dé bí ẹni tó ti mú atẹ́gùn náà, á sì kì í bọ àpò ṣòkòtò. Ó máa ń ṣe é lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Ó máa ń ṣe é níbi ìsìnkú. Ó ṣe é lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́pàá wá bá a nílé ní Bódìjà.

Fẹ́yìsetán Akíndúró ló wà nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni àdúgbò ń pè é. Kò ní mọ́tò. Ọkọ̀ ìgbòkun ló ní, èyí tó fi pákó kàn fúnra rẹ̀, tó gbé ka orí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, ní ìlú tí kò ní òkun. Òpó ọkọ̀ náà ga ju igi máńgòrò lọ. Wáyà tín-ín-rín kan ti orí òpó wá sínú ọkọ̀, ó so mọ́ rédíò. Ayé ìjọba ológun ni nígbà náà. Ẹni tó bá rí irú òpó bẹ́ẹ̀ kì í ronú kan omi; rédíò àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló ń wá sí i lọ́kàn.

Sájẹ́ǹtì Mùstàfá ló ṣáájú àwọn ọlọ́pàá náà wọlé.

"Bàbá, òpó kí nìyí?"

"Òpó ọkọ̀ ni."

"Kí ni ọkọ̀ ń ṣe ní Bódìjà?"

"Ó ń dúró de omi."

"A fẹ́ wo inú rẹ̀."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ bọ́ bàtà. Wọn kì í wọ bàtà gun ọkọ̀ mi."

Wọ́n bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí wọ́n fi gbà. Bàbá Ọlọ́kọ̀ wọ Sájẹ́ǹtì ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó so okùn rẹ̀ fún un bí ẹni ń múra fún ọmọ ilé-ìwé. Ó na ìka sókè. Ó fa ìgbòkun. Atẹ́gùn kan wá láti apá Àgbówó, aṣọ náà wú, gbogbo pákó ọkọ̀ sì kérora lórí búlọ́ọ̀kù. Sájẹ́ǹtì gbá òpó mú.

"Bàbá, ó ń lọ o!"

"Kò síbi tó ń lọ. Jókòó."

Ó mú ìwé àṣẹ rédíò rẹ̀ jáde. Sájẹ́ǹtì ní òun ò lè kà á báyìí. Ó tẹ orí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì bì gbogbo oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ sórí kókò tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo Sátidé ló ń wá bá Bàbá Ọlọ́kọ̀ fi òróró pa pákó.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti kú báyìí. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tó ti lọ sórí òkun tó sì ti bọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa rò pé ọkọ̀ ni ìtàn rẹ̀. Ọkọ̀ kọ́. Lẹ́tà ni.

Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ikúbọlájẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbòkun lọ sórí òkun láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó kú, tàbí ó gúnlẹ̀ síbi tí kò ti lè ránṣẹ́. Ìyá wọn ò sunkún, nítorí wọn kì í sunkún ẹni tó wà láàyè. Kò rẹ́rìn-ín náà. Ó ń bu oúnjẹ Ikúbọlájẹ́ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, títí òun náà fi lọ.

Ọlọ́runtóyìn, aya Bàbá Ọlọ́kọ̀, bá àwo oúnjẹ yẹn nílẹ̀ nígbà tó wọlé bí ìyàwó. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Jẹ́ríkò. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ náà gba orí òkun lọ sílé, ó fún un lésì kan.

"Bàbá Ìdùnnú, tí lẹ́tà yín bá ti orí omi dé ọwọ́ mi, ẹ lè lọ. Tí kò bá dé, mo máa fi ọkọ̀ yẹn dáná."

"Lẹ́tà láti orí omi?"

"Òkun ò mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Ó rò pé aya òun ń ṣàwàdà ni. Lọ́jọ́ kejì ó rí garawa kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kún dẹ́nu.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà nìyẹn. Tẹlifóònù kan wà tó ń bá àwọn ẹ̀rọ ojú sánmọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tó owó ilé ní Òkè-Àdó. Ó wá gbọ́ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun kan nílùú òyìnbó ti gbé ilé rédíò kalẹ̀ fún irú òun. Èèyàn á kọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà kékeré nínú ọkọ̀. Àpótí kan á sọ lẹ́tà náà di ariwo, bí ìgbà tí ẹyẹ ẹ̀gà ń jà lórí ọ̀pẹ. Rédíò á gbé ariwo náà lọ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn náà á fi íńtánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ síbikíbi láyé. Ó gbọ́ èyí tán. Lẹ́yìn náà ló wọ bọ́ọ̀sì Dùgbẹ̀.

Àlàájà Zùwáírátù ló ń ta rédíò àlòkù níbẹ̀.

"Bàbá, ojúlówó rèé! Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti yọ ọ́. Tí ẹ bá tan èyí, ó dé Lọ́ńdọ̀nù tààrà."

"Ta ni mo mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù?"

"Ó máa dé Mẹ́kà pẹ̀lú."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ."

"Ó dáa, ẹ̀yin náà ẹ sọ. Ibo lẹ fẹ́ kó dé?"

"Àgbówó."

Àlàájà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Bàbá," ó ní, "ẹ wọ mọ́tò." Bàbá Ọlọ́kọ̀ ra á síbẹ̀.

Ní Àgbówó ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mojí wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, ó sì ya yàrá kan lójú títì, níbi tó ti ń tẹ ìwé àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà kan tó so mọ́ wáyà tẹlifóònù, nípa bẹ́ẹ̀ ó ń gba ímeèlì fún èèyàn. Òun ló kọ́kọ́ sọ ohun tó ba Bàbá Ọlọ́kọ̀ lẹ́rù.

"Dádì, ohun tí ẹ bá fi rédíò sọ, gbogbo ẹni tó bá ní rédíò ló lè gbọ́ ọ o."

"Kí n máa bá aya mi sọ̀rọ̀, kí ayé máa gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ̀ jálẹ̀. Mojí wá bá a rí ohun kan tó lè ti lẹ́tà pa nínú ọkọ̀ kó tó gbéra, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan ló lè ṣí i. Ó kù kí ó mú ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ lo orúkọ ọmọ yín."

"Ta ni kò mọ Ìdùnnú ní Bódìjà?"

"Ọjọ́ ìbí yín ńkọ́?"

"Ìjọba mọ̀ ọ́n."

Ó lọ rò ó. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ ń dán. Ìyá àgbà tó gbé e jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ti sọ orúkọ kan lé e lórí, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan. Gbogbo ẹni tó ń fi pè é ti kú. Kí ìyá rẹ̀ tó kú ló sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ọkọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, "Ẹ gbọ́ ná" ni Ọlọ́runtóyìn fi ń pè é kí wọ́n tó bímọ, "Bàbá Ìdùnnú" lẹ́yìn tí wọ́n bí.

"Ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n láyé," ó sọ fún Mojí, "kò sì lè sọ ọ́. Níbo lo ti rí kọ́kọ́rọ́ tó dájú ju ìyẹn lọ?"

Mojí rò ó wò. "Dádì, ta ló wá máa ṣí lẹ́tà náà?"

Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní ohun tí òun ò fẹ́ràn lára àwọn ọmọ yunifásítì nìyẹn, wọ́n máa ń wá àléébù.

Ní ọjọ́ ìdánwò, lọ́rì gbé ọkọ̀ náà gba Mókọ́lá lọ sí omi Ẹlẹ́yẹlé. Sájẹ́ǹtì Mùstàfá bá a lọ. Láti Bódìjà ló ti wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ọlọ́runtóyìn ò tẹ̀ lé wọn. Àgbówó ló lọ, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà Mojí, ó gbé báàgì lé itan.

"Mọ́mì, ẹ ò bá wọn dé etí omi?"

"Ìyá ọkọ mi ló dúró létí omi," ó ní. "Ibi tí lẹ́tà ń dé sí ni èmi máa dúró."

Lọ́sàn-án, ojú ọjọ́ ṣú. Ìjì dé kí òjò tó dé. Iná lọ; Mojí tan jẹnẹrétọ̀. Tẹlifóònù kú, Mojí gbé e, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Ọkùnrin kan sá òjò wọlé, ó ń gbọn omi dà nù lára. Ó ní ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé lòun ti ń bọ̀, pé ìjì ti dojú ọkọ̀ kan dé lórí omi.

"Ọkọ̀ onígbòkun ni àbí ọ̀pẹẹrẹ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù?" Mojí bi í.

"Àwọn tó sọ ọ́ fún mi ò sọ ìyẹn."

Ọlọ́runtóyìn bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún. Ó tún un wọ̀.

Mojí gbé tẹlifóònù náà lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà pe nọ́ńbà, ó han, ó súfèé, ó dákẹ́.

"Mọ́mì! Ó dé!"

Lẹ́tà kan. Ó ti gun òpó lórí omi Ẹlẹ́yẹlé, nínú òjò. Ó ti kọjá lórí Ṣakí, lórí aṣálẹ̀ tí ràkúnmí ti ń kú, lórí òkun kejì tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rí rí. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n ti gbà á, wọn ò lè kà á, wọ́n sì ti dá a padà síbi tó ń lọ. Gbogbo ayé ló yí po láti dé ibi tí ọlọ́kadà lè gbé èèyàn dé kí ó tó ka owó ṣẹ́ńjì rẹ̀ tán.

"Kí ló sọ?"

"Ó wà ní títì, Mọ́mì. Ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí." Mojí sún àga sẹ́yìn. "Dádì ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n."

Obìnrin náà mọ ohun tó jẹ́. Ètè rẹ̀ mì, ó sì pa á dé.

"Mi ò lè pè é."

"Ẹ má pè é, ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo máa kọjú sógiri."

"Kí n kọ ọ́ kó hàn gàgàrà lójú tẹlifíṣọ̀n yìí? Kí ni ìyàtọ̀?"

"Kò ní hàn. Ẹ wò ó." Mojí tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ìràwọ̀ kéékèèké ló tò sójú ẹ̀rọ náà, kò sí lẹ́tà kan láàárín wọn.

Ọlọ́runtóyìn tẹ̀ síwájú. "Ó mọ ohun tí o tẹ̀?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Mọ́mì."

"Kò sì pè é?"

"Kò jẹ́ pè é láéláé."

Ó wo ìràwọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí," ó ní, "ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ó ní kí Mojí kọjú sógiri. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́. Lẹ́tà náà ṣí, Mojí sì yíjú padà.

"Ìyá Ìdùnnú. Orí omi ni mo wà. Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ dúró dáadáa. A ti fa apẹja kan jáde, ó ń mu tíì. Sájẹ́ǹtì ń bì. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ àná. Mi ò lè sọ ọ́ níwájú àlejò, ìdí nìyí tí mo fi ti lẹ́tà yìí pa."

Mojí rẹ́rìn-ín títí ó fi fi orí lé tábìlì. Ọlọ́runtóyìn ò rẹ́rìn-ín. Ó kà á, ó tún kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́rì gbé wọn dé. Omi ń kán lára Bàbá Ọlọ́kọ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí eérú.

"Ó dé?"

"Ó dé, sà," ni Mojí wí.

"Ta ló ṣí i?"

Mojí ń wo pátákó tó kọ iye owó fọ́tókọ́pì sí. Bàbá Ọlọ́kọ̀ yíjú sí aya rẹ̀.

"Iyọ̀ ọbẹ̀ yẹn ò pọ̀," obìnrin náà ní. "Ẹ lè lọ."

Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ tó máa fi bẹ̀ ẹ́. Sájẹ́ǹtì mọ gbogbo rẹ̀ lórí, nítorí òun ló ń gbọ́ ọ ní gbogbo Sátidé. Kò wúlò mọ́. Bàbá Ọlọ́kọ̀ bọ́ fìlà, ó fún omi inú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì jáde.

"Bàbá, lọ́rì rèé o!" Sájẹ́ǹtì pè é.

Kò wẹ̀yìn. Ó sọdá títì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì Mọníyà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀ ń na ọwọ́ sí i, ó sì kọrí sí Bódìjà nínú òjò tó ń ṣẹ́, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń rọra lọ.