Páálí Inú Agolo Ìyá Má-jóná

Ní ilé ìfọṣọ kan tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì, Ìyá Má-jóná ni wọ́n ń pe obìnrin tó wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lọ aṣọ níbẹ̀, kò jó ẹyọ kan rí. Ẹ̀rù ló kọ́ ọ níṣẹ́, torí bí aṣọ bá jó, owó oṣù ẹni tó jó o ni wọ́n ń gé.

Kí ọ̀gá lè mọ ọwọ́ tó ba aṣọ jẹ́, ó ní kí wọ́n máa so páálí pélébé mọ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan. Alábòójútó á kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí i, á kọ ọjọ́ àti aago tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, á sì buwọ́ lù ú. Bí ẹrù bá jáde láìlábàwọ́n, wọ́n á já páálí náà jù sílẹ̀. Ìyá Má-jóná kì í jẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ pé èèyàn kì í fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ayé máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ń kó wọn sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ìyá Má-jóná, ṣé ẹ fẹ́ fi wọ́n kọ́lé ni?"

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń wọlé. Ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù bí wọ́n bá dé ńkọ́? Aago méje ni alábòójútó ń ṣí i, ìgbà yẹn ni owó wọn sì ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó wákàtí méjì náà, ọ̀gá á ní ìmúrasílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́. Ìmúrasílẹ̀! Ẹni tó ti lọ ogójì aṣọ, kí ló tún ń múra sílẹ̀ fún? Olè ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe ń jẹ́.

Nítorí wákàtí méjì yìí ni Ìyá Má-jóná fi ń lọ nu ilẹ̀ báńkì kan nírọ̀lẹ́, kí owó ilé lè pé. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti máa ń sùn lọ́dọ̀ aládùúgbò kó tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún wọra.

Nígbà tó yá, ẹnìkan kọ̀wé lọ fẹjọ́ sùn, obìnrin kan sì wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó na ìwé sí i. "Ẹ wò ó, aago méje. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Ta ló ní ẹ̀rí mìíràn?" Obìnrin náà wo àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Má-jóná rò ó lóru náà. Tí wọ́n bá lé e, kí ni ọmọ fẹ́ jẹ? Síbẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé agolo dání, ó sì da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ìlọṣọ níwájú obìnrin náà. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago márùn-ún ààbọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún páálí, ọwọ́ alábòójútó lórí gbogbo wọn. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ojú ọ̀gá pọ́n. "Ta ló ní kó o máa kó wọn pamọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

Ìgbà yẹn làwọn yòókù tó la ẹnu, tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Kí oṣù méjì tó pé, ọ́fíìsì ìjọba ti mú kí ọ̀gá san owó wákàtí tó jẹ gbogbo wọn, aago márùn-ún ni wọ́n sì ń ṣí ìwé báyìí.

Ìyá Má-jóná fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ wọlé, ó bá a lórí àga, ló bá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ṣé wọ́n lé yín níbi iṣẹ́ ni?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mo wà nílé ni."

Ọmọ náà ò gbà pé kò ní tún jáde lálẹ́ náà. Ó kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá bàtà iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tó rí i ló tó wá jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.